Ẹ̀rọ Náà Ò Bi Mí Pé Ta Ni Mí

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, ṣé kò dùn yín mọ́ tí ẹ bá dìde lórí àga? Ẹ bá mi kí àwọn oníbàárà yín, pàápàá àwọn olùkọ́ tó máa ń kó ìbéèrè ìdánwò wá fún yín láti tẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Mo mọ̀ pé tẹlifóònù wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe é kà lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Ara mi ò yá lóṣù tó kọjá. Ẹ má fò sókè, ó ti lọ. Ibà ni, ó dá mi dùbúlẹ̀ débi pé mi ò lè lọ síbi iṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin tó ni ilé tí mò ń gbé. Opó ni wọ́n, èdè wa ni wọ́n ń sọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti dé ibí. Òkè ni wọ́n ń gbé, èmi wà nísàlẹ̀, òun ló jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Màmá Òkè. Àwọn ni wọ́n ń gbé omi gbígbóná sọ̀kalẹ̀ wá fún mi, tí wọ́n ń fi aṣọ tútù nù mí lójú. Wọ́n tún hun súwẹ́tà kan fún mi. Ó gùn jù mí lápá, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti bọ́ ọ.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Níbi tí a ti ń ṣe gíláàsì ojú yìí, wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí omi tí a fi ń fọ gíláàsì, wọ́n ti fi mí sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń lo tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan. Eléjí là ń pè é, nítorí èjí iwájú ẹnu rẹ̀. Aláwàdà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀gá wa ń béèrè ìwé ẹ̀rí mi, ó sì fẹ́ kí iléèwé lu òǹtẹ̀ tuntun sí i. Inú ímeèlì mi ló wà. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un lọ fún wọn. Ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tí mo máa ń lò nígbà tí mò ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí bùráúsà, ẹ tẹ ímeèlì. Kò ní béèrè páswọ́ọ̀dù kankan lọ́wọ́ yín. Ó ti bi mí nígbà náà pé ṣé kí òun máa bá mi rántí ẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibi gbogbo tó ti ń bi mí ni mo ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe máa ń gbàgbé nǹkan.

Ọmọ yín,
Tẹ́ẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Tẹ́ẹ́rẹ́ mi,

Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, o kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ìnira ara. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, mi ò tíì kú.

O ní kí n má fò sókè. Mo fò. Ọmọ mi wà lórí ibùsùn àìsàn, èmi jókòó síbí, mò ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ, ara ẹ ti yá tán kí n tó gbọ́. Ṣé obìnrin yẹn ò mọ̀wé kọ ni? Kò lè ní, "Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́, ara ọmọ yín ò yá"? Tàbí o ò sọ fún un pé o ní ìyá?

Nípa ti súwẹ́tà. Èmi náà mọ ìhun, ta ló hun fìlà tó o dé lọ síléèwé? O ní apá rẹ̀ gùn jù ẹ́. Kí ló fẹ́ dá a dúró tí kò fi ní gùn jù? Ṣé òun ló bí apá yẹn ni?

Mo ti bá ẹ ṣe ìwé ẹ̀rí. Bí mo ṣe tẹ ímeèlì báyìí ló ṣí. Ẹ̀rọ náà ò bi mí pé ta ni mí. Ó kàn gbà mí wọlé bí ìgbà tí mo bá wọ yàrá ẹ láìkan ilẹ̀kùn. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo gbé e lọ síléèwé, wọ́n ní kí n padà wá, mo padà lọ, wọ́n ní ẹni tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ti jáde lọ jẹun. Mo jókòó tì wọ́n lọ́rùn títí tó fi dé. Ó wà nínú àpò yìí. Fi nǹkan tó nípọn dì í kí ó má ká.

Máa jẹun. Sì máa kọ̀wé sí mi bí ẹni tó ní nǹkan láti sọ.

Ìyá tó bí ẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Ìyá mi tòótọ́, ẹ̀yin nìkan ṣoṣo,

Ẹ kú ìrìnkèrindò iléèwé. Ìwé náà dé láìká, ọ̀gá ti fi sínú fáìlì mi. Èyí tí ẹ kọ nípa apá súwẹ́tà pa mí lẹ́rìn-ín débi pé Eléjí bi mí bóyá orí mi ti dàrú.

Ẹ má jowú Màmá Òkè. Aájò lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Mo ti ń bẹ̀ yín tipẹ́. Tí dókítà ojú bá ti kọ nọ́ńbà tó bá ojú yín mu, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi ni mo máa lọ gíláàsì yín. Ẹ kì í dá mi lóhùn tí mo bá ti kan ibẹ̀.

Wọ́n ń pè mí nídìí ẹ̀rọ, mo ní láti dá a dúró síbí.

Tẹ́ẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Tẹ́ẹ́rẹ́,

O ò ní rí ìkíni gígùn lónìí. Inú mi ò dùn.

O ní kí n lọ yẹ ojú wò kí o tó lè ṣe gíláàsì fún mi. Ó dáa. Gíláàsì ti obìnrin yẹn ńkọ́, ṣebí ó ti wà lójú rẹ̀? O tiẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ ara ẹ lo fi lọ̀ ọ́, pé kí ó máa fi wo ẹwà ara rẹ̀ nínú dígí. Ẹwà! Èmi tí mo bí ẹ ń fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà kí n tó dá lẹ́tà mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ "ìsìnkú" sórí ìwé ẹni tó fẹ́ ṣe ìsìn ìdúpẹ́. Ọkùnrin náà gbé ìwé sókè ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Mà, ta ló kú?" Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Kí ni ìtumọ̀ "ìyá mi kejì"? Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó fi kejì kún un? Tí kejì bá ti wọlé, ẹ̀kẹta ti ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá yá, wàá máa ka èmi mọ́ wọn bí ẹni ń ka ilé lójú pópó.

Ohun tó ń dùn mí jù tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ò ń sọ fún un bí ọjọ́ ẹ ṣe lọ: ẹni tó bú ẹ, bí ọ̀gá ṣe yìn ẹ́, bàtà tó ń ta ẹ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́tà tèmi ò ju ẹyọ kan lọ lóṣù, o sì máa ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé.

Ìyá ẹ àkọ́kọ́, tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ jẹ́ kí ìkíni tèmi náà kúrú. Mò ń wá yàrá.

Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ń jò, mo kọ ímeèlì sí Màmá Òkè lórí ẹ̀, torí wọ́n máa ń tètè sùn, ímeèlì ni mo sì máa ń fi bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a pàdé lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní, "Mo rí ohun tí o kọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Inú mi á dùn tí ẹ bá lè tètè wá nǹkan ṣe sí i."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n sì gòkè lọ. Látìgbà náà, tí mo bá kí wọn, orí lásán ni wọ́n ń mì. Lópin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, wọ́n ń wọn ibi tí ibùsùn wọn máa wà nínú yàrá mi. Lójú mi! Mo sáré gòkè.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ lo kọ̀wé pé ò ń kó lọ. Ìwọ lo ní mi ò lẹ́nìkan, pé mò ń fi súwẹ́tà ra ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní mi ò kọ irú ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ní inú ímeèlì mi ló ti wá, orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀, ṣé àwọn ni òpùrọ́ ni? Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Mo tú ímeèlì mi láti òkè dé ilẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti pa á rẹ́. Mo wá rò ó dáadáa. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa níbi iṣẹ́, òun náà ló ń bá mi rántí páswọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ lè wọlé bí èmi. Ta ló ń jókòó síbẹ̀ yàtọ̀ sí mi? Eléjí. Ó sì ti sọ ọ́ fún mi pé yàrá mi wu òun, pé tí mo bá ń kó kúrò kí n ta òun lólobó.

Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá. Wọ́n ti mú un kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n dá a padà sídìí omi. Ó sunkún níwájú gbogbo wa pé òun ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Mo ní kó lọ sunkún fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Mi ò rántí pé mo sọ̀rọ̀ gíláàsì Màmá Òkè fún yín, ṣùgbọ́n orí mi ò pé láti máa bá yín ro ìyẹn. Wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò, wọ́n mú ìwé dókítà wá fún mi. Ohun tí mò ń bẹ ẹ̀yin náà pé kí ẹ ṣe nìyẹn.

Ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹ tètè fèsì.

Tẹ́ẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Tẹ́ẹ́rẹ́ mi,

Má bínú pé èsì pẹ́. Iná ò dúró, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ń ṣe wàhálà.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ dùn mí. Ṣùgbọ́n fi Eléjí sílẹ̀. Má di ẹ̀sùn ohun tí ojú ẹ ò tó ru ẹnikẹ́ni. Sọ fún ọ̀gá yín pé o ṣàṣìṣe, kí wọ́n dá a padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Yàrá pọ̀ nílùú. Wá ibòmíràn, ọkàn ẹ á balẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò ẹ́ láti òkè. Tàbí kó o máa bọ̀ wálé. Yàrá ẹ wà bó ṣe wà, mo ti fọ aṣọ fèrèsé.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Ẹ kú ilé, mà.

Nígbà tí mo kó ẹrù mi tán, mo gòkè lọ bá Màmá Òkè. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ní mo kọ. Wọ́n kọ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n na fóònù sí mi láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ka ìlà kìíní, mo tún un kà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní àmì. Àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó fò. Èmi tí mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí nínú ímeèlì, tí ẹ fi ń bú mi ní ṣọ́ọ̀bù pé mò ń kọ èdè wa bí ẹni ń sá fún òjò! Ta ni mo mọ̀ láyé yìí tó máa ń fara balẹ̀ fi àmì sórí èébú?

Síbẹ̀ mo ní rárá. Mo lọ wo ibi tí ímeèlì ti ń fi àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣí i hàn. Fóònù mi wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan sì wà nílùú wa, tó ń ṣí i láràárọ̀. Láràárọ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kí ẹ wọlé. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ gíláàsì, ọ̀rọ̀ dígí, ọ̀rọ̀ bàtà tó ń ta mí lẹ́sẹ̀ wá yé mi. Kò sí èyí tí mo kọ sí yín nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi jáde. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí Eléjí sunkún. Ẹ wá ní kí n máa bọ̀ wálé, ẹ ti fọ aṣọ fèrèsé.

Mo lọ bẹ Eléjí nídìí omi tí mo dá a padà sí. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó ń fọ gíláàsì rẹ̀ lọ, kò wo ojú mi. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó mọ́, torí pé ẹnu yẹn náà ni mo fi kó bá a.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀ lé yín lórí. Èmi ni mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo bùráúsà tó bá ti bi mí. Mo rò pé ìrọ̀rùn ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga mi ti di èmi nìyẹn, pé ó lè fi ẹnu mi bú ẹni tó fẹ́ràn mi. Ká ní ibì kan péré ni mo fi páswọ́ọ̀dù mi sí, mi ò bá tí fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Mo ti pa á rẹ́ níbi gbogbo, mo sì ti yí i padà. Inú orí mi nìkan ló wà báyìí.

Ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò ní ṣí.

Tẹ́ẹ́rẹ́


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mi ò mọ ìkíni tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀ tí kò ní dà bí ẹni ń tan ẹ́.

Èmi ni. Lọ́jọ́ tí mo tẹ ìwé ẹ̀rí jáde, ó yẹ kí n tì í. Mo rí orúkọ obìnrin náà, mo ní kí n ka ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tún lọ. Ó wá di pé kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ti jókòó sídìí ẹ̀. Ohùn ẹ ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn tó o máa ń lò nínú ilé, tó o máa ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ á máa gun ara wọn. O ò fi kọ̀wé sí mi mọ́. Inú mi á dùn pé mo gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà màá rántí pé ẹlòmíràn lò ń bá sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ èébú náà, òjò ń rọ̀, oníbàárà kankan ò wá. Mo kà á pé o rí bàbá ẹ lójú àlá, pé ó jókòó, ó ń lọ aṣọ, ó bi ẹ́ pé ṣé o ti jẹun. O sọ ọ́ fún obìnrin yẹn. O ò sọ ọ́ fún mi. Ọkọ mi ni! Láti ọjọ́ tó ti kú, mò ń retí pé kí n fi ojú kàn án lójú àlá, mi ò rí i. Ó wá sọ́dọ̀ ẹ, ẹlòmíràn ló gbọ́. Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ mi kàn ń tẹ̀ ni. Ìwọ náà mọ bí ọwọ́ mi ṣe yá. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo fi ránṣẹ́, mo pa á rẹ́. Ìgbà tí mo dìde ni ìbẹ̀rù tó mú mi.

Lẹ́tà ẹ nípa Eléjí wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi títí mo fi fèsì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan ò bàjẹ́.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé mi ò jowú mọ́. Mo ṣì ń jowú. Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí Màmá Òkè. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa, má ṣí i, mú un lọ fún wọn. Èkejì tó wà níbẹ̀, ọ̀gá yín ni kó o fún. Mo sọ fún un pé èmi ni mo wọlé, pé Eléjí ò mọ nǹkan kan, mo sì fi orúkọ mi sí i.

Tó bá wù ẹ́, fèsì.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Mi ò tíì fẹ́ kọ ọ́ ni.

Ọ̀gá ka lẹ́tà yín, ó dá Eléjí padà sídìí ẹ̀rọ. Eléjí béèrè fún tábìlì míràn, wọ́n fún un. Ó máa ń kí mi. Kì í bá mi ṣàwàdà mọ́, mi ò sì lẹ́nu láti béèrè ìdí.

Yàrá mi ti lọ, ọkùnrin yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òdìkejì títì ni mo wà báyìí, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ṣe bàtà. Ilé máa ń rùn fún gọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá Òkè gba lẹ́tà yín lọ́wọ́ mi, wọ́n dúró kà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n ní kí n bá wọn fi èsì ránṣẹ́. Látìgbà náà ni mo ti di olùfìwéránṣẹ́ yín. Ẹ ò tiẹ̀ fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sínú àpò náà fún mi. Ó dáa, mi ò kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè béèrè mi?

Lánàá mo gbé lẹ́tà yín tuntun lọ fún wọn. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. Mo na ọrùn díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bò ó.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ẹ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Pé wọ́n di ẹsẹ̀ yín. Pé ẹ ti gba obìnrin kan tó ń bá yín tẹ̀wé. Wọ́n rò pé mo mọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ, mo dúró síbẹ̀ bí àlejò. Ìyá ta ni ẹ? Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ ṣubú? Bí mo ṣe ń sọdá títì, inú ń bí mi débi pé ẹni tó ń ṣe bàtà kí mi, mi ò gbọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn, mi ò lè jẹun. Ó wá yé mi pé irú nǹkan báyìí ló ń ṣe yín nídìí kọ̀ǹpútà yẹn.

Mi ò tíì gbàgbé ohun tí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wo ni? Ọ̀tún ni àbí òsì? Ó wú? Ta ló gbé yín dìde? Ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ẹ má dá ọ̀kankan sí, kí tèmi sì gùn ju tiwọn lọ. Èmi ni mò ń gbé tiwọn gòkè. Mo máa fi wé e.

Tẹ́ẹ́rẹ́ yín